Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ta ló máa sanwó ooru tí ò ní èéfín?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé ìjọba tó bá ní òun fẹ́ dín èéfín kù, tó wá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nìkan ló wà lẹ́nu ẹ̀, ìlàjì iṣẹ́ ló ń ṣe, lẹ́tà ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Mo ti ṣa mẹ́fà jáde. Èyí tó bú mi náà wà ńbẹ̀, mi ò fi pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn ò yé mi. Tí iná bá ti ń wá látinú sólà àti afẹ́fẹ́, ṣebí gbogbo ẹ̀ ti parí náà nìyẹn? Kí ló tún kù?

Ìdáhùn: Ó kù o, ó tiẹ̀ kù púpọ̀. Nínú gbogbo agbára tí aráyé ń lò, bí ìdajì ló ń bá ooru lọ: kí ilé móoru, kí omi ìwẹ̀ gbóná, kí ìkòkò hó, kí ilé iṣẹ́ rí ohun tó máa fi gbẹ aṣọ, tó máa fi yọ́ irin, tó máa fi sun bíríkì. Iná mànàmáná ní tiẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ọ̀pọ̀ ooru yẹn ló jẹ́ pé gáàsì, epo àti èédú ni wọ́n ń sun tààrà láti rí i, kò gba inú wáyà kankan kọjá, torí náà kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi sólà bo gbogbo ilẹ̀, bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń se omi kó lè mú ilé móoru, tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé yẹn ò gbọ́, gáàsì ẹ̀ ló ṣì ń jó.

Ìdí tí ìjọba fi ń sá fún un náà ò ṣòro láti mọ̀. Tó bá jẹ́ ti iná mànàmáná, wọ́n lè pe ilé iṣẹ́ mẹ́wàá jókòó sí yàrá kan kí wọ́n bá wọn dúnàádúrà. Ooru ńkọ́? Bọ́ílà kọ̀ọ̀kan ló ní olówó ẹ̀, olówó ẹ̀ ò sì ní rántí pé òun ní bọ́ílà àfi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, láàárín òtútù, tọ́mọ ń sunkún, tó jẹ́ pé èyí tí oníṣẹ́ bá ní nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ló máa rà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òfin àti owó ìjọba gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, torí tó bá ti kọjá báyìí, ó di bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó tún ra òmíì.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ìmọ̀ ìṣèlú ni mò ń kà. Wọ́n ní ká kọ àwọn ọ̀nà tí ìjọba lè gbà ti ooru àti òtútù tó ń wá látinú oòrùn, ilẹ̀ àti igi lẹ́yìn. Mo ti rí owó ìrànwọ́, lọ́ọ̀nù, owó orí, òfin, oríṣiríṣi, orí mi ti wú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló dáa jù nínú wọn?

Ìdáhùn: Má bẹ̀rẹ̀ látorí èwo ló dáa jù, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ látorí kí ló ń dá èèyàn dúró. Wo sólà omi, mi ò sọ èyí tó ń mú iná wá o, èyí tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé tómi ń gba inú páìpù ẹ̀ kọjá tó sì ń gbóná. Oòrùn ò ní mítà. Ẹni tó ra bọ́ílà gáàsì san díẹ̀ lónìí, ó wá ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí lọ. Ẹni tó ra sólà omi, owó ogún ọdún ló kó kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń dá wọn dúró nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́.

Àwọn ará Tùnísíà fimú fínlẹ̀ rí èyí. Láwọn ọdún 1990 wọ́n rí owó ìrànwọ́ kan gbà láti òkè òkun, ọjà sólà omi gbérí dáadáa, àmọ́ bówó yẹn ṣe tán báyìí lọjà náà wọlẹ̀. Ní 2005 wọ́n wá gbé ètò míì dìde, PROSOL ni wọ́n pè é. Ìjọba san bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ, báńkì yá oníbàárà ní èyí tó kù, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń dá a padà, ibi tó wá dùn ni pé inú bíìlì iná ni wọ́n ti ń gbà á, STEG tó jẹ́ ilé iṣẹ́ iná ìjọba wọn ló ń bá báńkì gbowó. Tóò, ta ló fẹ́ kí wọ́n gé iná òun? Ọkàn báńkì balẹ̀, èlé náà wálẹ̀, oníbàárà sì rí i pé ohun tóun ń fi kún bíìlì iná ò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí gáàsì ń gbà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o, bíìlì lásán ni wọ́n tún ṣe.

Wàyí o, wo òdìkejì ẹ̀, kó o sì wò ó dáadáa torí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Northern Ireland, oṣù kọkànlá 2012. Ìjọba ibẹ̀ ní ẹni tó bá gbé bọ́ílà epo kúrò nílé iṣẹ́ tàbí lóko ẹ̀, tó fi èyí tó ń jó hóró igi síbẹ̀, àwọn hóró kóńkóló tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀ yẹn, àwọn á máa sanwó fún un lórí yúníìtì ooru kọ̀ọ̀kan fún ogún ọdún. Èrò yẹn ò burú, ara Gẹ̀ẹ́sì tó ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2011 ni wọ́n ti wò ó. Àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìjánu: fún àwọn bọ́ílà kékeré, tó o bá ti jó o fún wákàtí 1,314 lọ́dún, owó tí wọ́n ń san lórí èyí tó bá lé á já wálẹ̀ gidi. Northern Ireland ò fi ìjánu yẹn sí tiẹ̀. Owó tí ìjọba sì ń san lórí yúníìtì kan ju owó hóró igi tó mú yúníìtì yẹn jáde lọ. Ìwọ náà bá mi ṣírò ẹ̀. Bó o bá ṣe ń jó o tó ni èrè ẹ ṣe ń pọ̀ tó, fèrèsé ì báà ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n tiẹ̀ fẹ̀sùn kan ẹnì kan pé àká tó ṣófo ló ń mú móoru. Wọ́n ti ètò náà pa ní oṣù kejì 2016. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Martin McGuinness, igbákejì olórí ìjọba, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2017, ìjọba Northern Ireland tó ń jókòó ní Stormont sì wó lulẹ̀, ó di ọdún mẹ́ta kó tó tún dìde. Torí bọ́ílà!

Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní sanwó fún ooru téèyàn jó, ẹ̀rọ ni màá sanwó ẹ̀, màá sì rí i dájú pé ẹ̀rọ yẹn ò tóbi ju ilé lọ. Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé yúníìtì làwọn máa san, kí wọ́n jẹ́ kó kéré sí owó ohun tí wọ́n ń dáná sun, kí ìjánu sì wà. Èyí ò gba ọ̀mọ̀wé kankan láti mọ̀, àbí?

Owó orí lórí èéfín, Sweden bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1991. Láwọn ìlú wọn, páìpù kan wà tó ń gbé omi gbígbóná láti ojú kan lọ sí ilé gbogbo àdúgbò; láwọn ọdún 1970 epo ló ń mú omi inú páìpù ooru yìí gbóná, lónìí igi àti pàǹtí ló pọ̀ jù ńbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ má gbàgbé pé páìpù yẹn ti wà nílẹ̀ kówó orí tó dé. Owó orí máa ń lé èèyàn kúrò níbi tó wà, kì í fi ibi tó máa sá sí hàn án, tí ò bá sì síbi tó máa sá sí, ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Fún ooru inú ilẹ̀, ìṣòro ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: o lè gbẹ́ kànga lọ sísàlẹ̀ fún kìlómítà méjì, kó o má bá omi tó gbóná tó. Faransé ti dá owó àpapọ̀ kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tó ń san padà fún ẹni tí kànga ẹ̀ bá já sí asán. Ṣó o rí i, ìdènà yàtọ̀, oògùn náà yàtọ̀. Kọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà ẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ ò ní yé da ìlú rú. Ṣé ìjọba ló yẹ kó máa sọ irú bọ́ílà tí mo máa ní nínú ilé tí mo fowó ara mi kọ́? Ilé mi ni àbí ilé ìjọba?

Ìdáhùn: Ilé yín ni o, ẹ má bínú. Àmọ́ ìjọba kan náà ló sọ bí wáyà ṣe máa rìn nínú ògiri yín àti ibi tómi ìdọ̀tí máa gbà jáde, ẹ ò sì bá wọn jà.

Ní Israel, láti 1980 ni òfin ti wà pé ilé gbígbé tuntun gbọ́dọ̀ ní sólà omi, àfi àwọn ilé gogoro. Lónìí ó ju ìdá ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún ilé ibẹ̀ tó ń lò ó, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ mọ́. Ìdí tó fi rọrùn ni pé nígbà tí ògiri ò tíì rí símẹ́ǹtì, páìpù méjì tó máa lọ sókè òrùlé, owó díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kílé parí tán kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n lu ògiri, ẹ ó rí owó. Fún ilé tuntun, èmi ò rí ìdí tí ìjọba á fi máa bẹ ẹnikẹ́ni.

Barcelona náà ṣe tiẹ̀ ní 2000, wọ́n ní ilé tuntun àti èyí tí wọ́n bá tún kọ́ gbọ́dọ̀ máa rí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún omi gbígbóná ẹ̀ látara oòrùn, nígbà tó di 2006 gbogbo Sípéènì gbà á. Ibi tí irú òfin báyìí ti máa ń yẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Mo gbé ilé kan rí, ilé tuntun, sólà omi wà lórí òrùlé ẹ̀ bófin ṣe wí, ó ń dán yanranyanran. Ọdún méjì ni mo fi san bíìlì gáàsì bí ẹni tí ò ní nǹkan kan lókè. Lọ́jọ́ kan mo gun àkàbà lọ fọwọ́ kan páìpù tó wọnú táǹkì lọ́sàn-án gangan, ó tutù nini. Fáàfù tó yẹ kí wọ́n ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, wọn ò ṣí i, táàgì tó ti ilé iṣẹ́ wá ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹni tó kọ́lé ti gbàwé ẹ̀rí tiẹ̀, ẹni tó wá yẹlé wò ti buwọ́ lù ú, òfin ní kí ẹ̀rọ wà, ẹ̀rọ wà. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá omi gbóná. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bínú sí: ká fi mítà kékeré kan sí i, ká padà wá kà á lẹ́yìn ọdún kan, iye owó tíyẹn máa gbà ò tó nǹkan.

Ní ti ilé tó ti wà nílẹ̀, mo gbà pé ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Jámánì fojú rí i ní 2023. Ìròyìn òfin tuntun ti bọ́ síta, pé ẹ̀rọ ìmóoru tuntun gbọ́dọ̀ máa rí ó kéré tán ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ látinú ohun tí kì í tán, bí oòrùn àti afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó là á yé aráàlú iye tí ìjọba máa bá wọn gbé. Ariwo náà fẹ́ẹ̀ tú ìjọba ká. Nígbà tí òfin fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 2024, wọ́n ti ní ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè dúró kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ ètò ooru tiẹ̀, owó ìrànwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ, wọ́n fi kún un fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò pọ̀, àti fún ẹni tó bá tètè pààrọ̀ èyí tó ti gbó, títí dé ìdá àádọ́rin. Ká ní wọ́n ti sọ owó kí wọ́n tó sọ òfin ni, ìjà yẹn ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí. Èmi ni mò ń san bíìlì, onílé ló ni bọ́ílà. Mo ní kó jẹ́ ká fi heat pump sí i, ó ní kí n kó jáde tílé ò bá wù mí mọ́. Gbogbo owó ìrànwọ́ yìí, báwo ló ṣe kàn mí?

Ìdáhùn: Ká sòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, ó sì ń dùn mí. Onílé ló máa sanwó ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ máa jẹ àǹfààní bíìlì tó wálẹ̀, kí ló wá kàn án? Heat pump ń lo yúníìtì iná kan, ó ń fa ooru láti ìta wọlé, ó sì ń fún yín ní bíi mẹ́ta, àmọ́ mẹ́ta yẹn ò wọ àpò onílé.

Èyí tó wù mí jù nínú ohun tí ìjọba kan ṣe ni ti Jámánì láti oṣù kìíní 2023. Owó tí wọ́n gbé lórí èéfín gáàsì àti epo, tẹ́lẹ̀ ayálégbé ló ń san gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá pín in sí ìpele mẹ́wàá: bílé bá ṣe ń jó epo tó ni ti onílé ṣe ń pọ̀ tó. Ilé tó burú jù, onílé ń san ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé tó dáa jù, ayálégbé ló ń san gbogbo ẹ̀. Lójijì, fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé di ẹjọ́ onílé.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n má tiẹ̀ bá onílé sọ ọ́, kí wọ́n bá àdúgbò sọ ọ́. Denmark ṣòfin ooru tiẹ̀ ní 1979, wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ ya máàpù ibi tí páìpù ooru máa gbà, ilé iṣẹ́ tó ń ta á ò sì gbọ́dọ̀ jèrè lórí ẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé wọn ló wà lórí páìpù yẹn báyìí. Ní Marstal, ìlú kékeré kan létí òkun, wọ́n gbẹ́ kòtò kan tó gba omi 75,000 kúbíìkì mítà, wọ́n da ike bò ó lórí, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń mú un gbóná, wọ́n ń fà á lò tí òtútù bá dé. Ayálégbé ibẹ̀ ò bẹ onílé kankan.

Ìbéèrè: Ooru, ooru, ooru. Ibi tóòrùn ti ń pààyàn ńkọ́? Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń fi ooru ṣe òtútù, irọ́ nìyẹn àbí?

Ìdáhùn: Kì í ṣe irọ́. Tẹ́ ẹ bá jáde nínú omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí yín lára, ṣebí òtútù máa ń mú yín? Omi tó ń gbẹ lára yín ló ń kó ooru lọ. Nínú ẹ̀rọ yìí, omi ń gbẹ nínú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ń tutù, omi iyọ̀ kan tí òǹgbẹ ń gbẹ gan-an wá ń fa oru omi náà mu. Tó bá ti mu ún yó, kò lè mu mọ́, ẹ wá fi ooru sólà sè é kó lè tu ohun tó mu, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ooru ò di òtútù o, òǹgbẹ iyọ̀ ló ń dá padà. Ó dáa fún ọsibítù àti ilé ńlá, fún ilé kan ṣoṣo owó ẹ̀ ti pọ̀ jù, èmi ò ní gba ìjọba nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí mo máa ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni ohun tó wà lórí igbá. Àjọ agbára àgbáyé, IEA, sọ ní 2018 pé AC tó wà láyé jẹ́ bílíọ̀nù 1.6, ó sì lè di bílíọ̀nù 5.6 tó bá fi máa di 2050, AC àti fáànù sì ń jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná mànàmáná ayé. Tí wọ́n bá jẹ́ kí AC tó ń jẹná púpọ̀ máa wọlé, sólà wo ló máa tó o? Japan ní ọgbọ́n kan tó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1990, Top Runner ni wọ́n ń pè é: wọ́n á wo èyí tó ṣe dáa jù lọ́jà lónìí, wọ́n á ní tó bá di ọdún báyìí, àpapọ̀ èyí tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tà gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Wọn ò sanwó fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn fi ẹni tó ń sáré jù ṣe òṣùwọ̀n. Gáàsì inú AC náà wà ńbẹ̀ o, tó bá jò jáde ó ń mú ayé móoru, torí ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fẹnu kò ní Kigali ní 2016 láti máa dín in kù.

Òtútù alápáìpù náà wà. Láti 2004 ni Toronto, ní Kánádà, ti ń fa omi láti ìsàlẹ̀ adágún Ontario, mítà 83 sísàlẹ̀, níbi tómi ti tutù dé bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius yálà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù. Òjìji igi àti òrùlé funfun ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò sílé iṣẹ́ tó ń tà wọ́n, kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́dọ̀ mínísítà nítorí wọn.

Ìbéèrè: Oníṣẹ́ páìpù ni mí, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Heat pump yìí, ṣé ó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀yin gan-an ni wọn ò rí tó. Bọ́ílà ń ti omi tó gbóná gan-an sínú páìpù, heat pump fẹ́ràn èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí náà irin tó ń tan ooru sínú yàrá gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ tó bá kàn yọ bọ́ílà tó gbé heat pump síbẹ̀ láì fọwọ́ kan nǹkan míì, ilé á tutù, bíìlì á ga, aládùúgbò mẹ́wàá á gbọ́, owó ìrànwọ́ ìjọba ò sì ní lè yí wọn lọ́kàn padà mọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé owó ìrànwọ́ heat pump dé £7,500 ní oṣù kẹwàá 2023, oníṣẹ́ tó níwèé ẹ̀rí ló ń béèrè owó náà fún oníbàárà, tí ò bá níwèé, kò sówó. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ bi wọ́n léèrè ta ló máa san owó ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi jókòó sí kíláàsì, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá gbé àpótí irinṣẹ́ jáde, owó ò wọlé. Tí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e jáde.